Boerboel ni àbí Caucasian? Èsì fún Ìyá Ìbejì ará Mọ́níyà

Ìyá ìbejì kan kọ̀wé sí mi láti Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olè ti fo ògiri wọlé ládùúgbò wọn, baálé rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé nítorí iṣẹ́, ni wọ́n bá fẹnu kò pé ajá ńlá ló kù. Baálé fẹ́ Caucasian. Fídíò rẹ̀ ló ń wò lórí fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àbúrò ìyá ìbejì ní ọmọ Boerboel nílẹ̀, ó sì ti ní òun á fún wọn ní ẹ̀dínwó. Àwọn ìbejì ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá ọkọ a máa wá láti Ìsẹ́yìn, á sì lò tó oṣù méjì, mẹ́ta. Adìẹ ń bẹ lẹ́yìn ilé, wọ́n ń ṣe ìpàdé àdúrà ní pálọ̀ wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, máígádì kì í sì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní: “Dókítà, èwo ni ká mú nínú méjèèjì? Àbí ká kúkú mú ọ̀kọ̀ọ̀kan?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àbójútó ọmọ. Boerboel ni mo máa ní kí ẹ mú. Kó jẹ́ abo. Kó má sì jẹ́ ti àbúrò yín, àfi tó bá yege nínú àwọn nǹkan tí mo máa sọ nísàlẹ̀. Caucasian ní tiẹ̀, ajá gidi ni, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ fún Mọ́níyà, bí wọ́n tilẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tajá pé èyí lágbára ju tọ̀hún lọ, pé tọ̀hún ti pa ìkookò rí. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ló lágbára ju olè lọ, ó sì lágbára ju ẹ̀yin náà lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin àti baálé jókòó sọ ni pé: àwọn wo ló ń wọ géètì yín, ta ló sì máa wà nílé láti fi yé ajá pé ẹni báyìí kì í ṣe ọ̀tá?

Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ sìn wọ́n ló fa ìyàtọ̀. Oko àwọn àgbẹ̀ Boer ní South Africa ni Boerboel ti wá. Àwọn ará Hóláǹdì tó tẹ̀dó sí Cape ní 1652, àtàwọn òyìnbó tó dé lẹ́yìn wọn, kó ajá ńláńlá wọn dání. Àwọn ajá yìí gun ara wọn, wọ́n gun ajá ìbílẹ̀ ibẹ̀ náà, títí wọ́n fi ní ajá tó lè ṣọ́ oko tó jìn sí ìgboro, tó lè kojú àmọ̀tẹ́kùn, tó sì máa padà wá sùn sẹ́nu ọ̀nà olówó rẹ̀ lálẹ́. Àárín ọmọ, alágbàṣe àti àlejò ló ti dàgbà. Ní 1983, àwọn tó ń sìn ín dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní SABBA sílẹ̀ kí irú rẹ̀ má baà dà rú pátápátá. Wọ́n á yẹ ajá kọ̀ọ̀kan wò láti imú dé ìrù, wọ́n á sì fún un ní máàkì. Ní Amẹ́ríkà, ó di 2015 kí American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ irú ajá sílẹ̀, tó kà á mọ́ àwọn ajá òṣìṣẹ́.

Caucasian ní tiẹ̀, àwọn òkè Caucasus ni ilé rẹ̀: Jọ́jíà, Armenia, Azerbaijan, Dagestan. Agbo àgùntàn ni wọ́n fi í sí láàárín kí ìkookò àti béárì má baà sún mọ́ wọn. Olùṣọ́ àgùntàn lè wà lódì kejì òkè, òjò dídì lè máa rọ̀, ajá ni yóò pinnu ohun tó máa ṣe, lóru, kò ní dúró gbàṣẹ. Ìjọba Soviet mú un wọ iṣẹ́ ológun nítorí ìwà yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ìlà oòrùn Jámánì náà sì lo irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Berlin. Ẹ ò rí i pé ibi tí kò ti yẹ kí ẹnikẹ́ni kọjá ni wọ́n ń fi í sí. Pálọ̀ yín kì í ṣe irú ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ooru, torí òun nìkan ti tó láti dá ẹjọ́ yìí. Irun Caucasian jẹ́ ìpele méjì: èyí tó gùn wà lókè, òwú tó ki wà nísàlẹ̀. Kó wá máa gbé Ìbàdàn dà bí ẹni wọ agbádá òfì lọ roko lọ́sàn-án gangan. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde. Ẹnu ló fi ń tu ara: á yọ ahọ́n síta, á máa mí helehele, kí itọ́ tó wà lórí ahọ́n àti lọ́nà ọ̀fun lè gbẹ. Gbígbẹ yẹn ló ń gbé ooru lọ. Ní àsìkò ọyẹ́, èyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá di oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, tí oòrùn mú, tí afẹ́fẹ́ náà tún rin, itọ́ kì í tètè gbẹ, ajá á kàn máa mí lásán ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí mò ń wí, ẹ lọ wo Caucasian tí wọ́n tì mọ́ ilé ajá onípáànù ní aago méjì ọ̀sán. Kò ní gbó. Tí ilẹ̀ bá ṣeé wa, á ti wa ihò sẹ́bàá ògiri, á fi ikùn lé e. Tó bá jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọọrọ, itọ́ tó ki á máa fà lẹ́nu rẹ̀, èrìgì á pọ́n yòò. Olè tó bá wọlé lásìkò yẹn lè gbé tẹlifíṣọ̀n kọjá níwájú rẹ̀. Ara ajá tó wà ní nǹkan bí 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó bá ti kọjá 41, ọpọlọ, kíndìnrín àti ìfun ti ń bàjẹ́ lọ nìyẹn. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ajá yòówù kí ẹ ní, ẹ má kọ́kọ́ máa wá ọkọ̀: ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ tan fáànù sí i, lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ lè ní, ṣebí a lè fá a. Fífá kọ́ ni oògùn rẹ̀. Oòrùn á máa jó awọ ní tààrà, irun tó bá sì hù padà lè má jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn olówó kan ń sin tiwọn sínú yàrá tó ní AC. Ajá tó ń sùn nínú AC kò kúkú ṣọ́ ọgbà fún ẹnikẹ́ni, jẹnẹrétọ̀ ni ẹ̀ ń ra dísù sí.

Ọ̀rọ̀ eégbọn tún wà ńbẹ̀. Ẹ fi ìka ya irun abẹ́ ọrùn Caucasian tí wọ́n sọ pé àwọn wẹ̀ lánàá, kí ẹ ya á dé awọ. Ẹ ó bá eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó níbẹ̀, àwọn kéékèèké á wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti nínú kọ̀rọ̀ etí. Àwọn ló ń gbé kòkòrò Babesia àti Ehrlichia wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ajá á kọ oúnjẹ, ara rẹ̀ á gbóná, èrìgì rẹ̀ á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n. Mo ń rí i ní ibi iṣẹ́ ju àìsàn èyíkéyìí mìíràn lọ. Lára Boerboel tí irun rẹ̀ kúrú, láti ọ̀ọ́kán lẹ ti máa rí eégbọn, ọmọ ọdún mẹ́fà lè bá yín yọ ọ́. Bí òjò bá sì pa Boerboel, aṣọ ìnura kan ti tó. Irun Caucasian lè má gbẹ títí di ọjọ́ kejì, bí awọ abẹ́ rẹ̀ ṣe ń jẹrà tó sì ń rùn nìyẹn.

Kí n má tàn yín o: ooru lè pa Boerboel náà. Ó wúwo, ẹnu rẹ̀ kò gùn. Òwúrọ̀ kùtù àti lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni kí ẹ máa mú un rìn, abẹ́ igi ni kí ilé rẹ̀ wà, kí omi má sì tán níwájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè ṣètò ìyẹn fún un pẹ̀lú owó tó mọ níwọ̀n.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí géètì. Caucasian máa ń ní ìwọ̀nba ènìyàn tó gbà sí tiẹ̀, ẹni tó bá kù di àjèjì. Pé ó nífẹ̀ẹ́ yín kò ní kó gba àlejò yín. Ìyá yín láti Ìsẹ́yìn lè lo oṣù mẹ́ta kí àwọn àti ajá tó rẹ́ dáadáa; tí wọ́n bá lọ, tí wọ́n tún dé lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè di pé ẹ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Máígádì tuntun ńkọ́? Òun ló yẹ kó máa tú ajá sílẹ̀ lálẹ́, kó sì máa tì í mọ́lé láàárọ̀, òun gan-an ni ajá ò ní jẹ́ kó yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Lóru ló sì ń gbó jù, torí òru ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Ẹ ó gbọ́ ti àwọn aládùúgbò.

Boerboel máa ń wo ojú olówó rẹ̀. Bí ẹ bá bọ àlejò lọ́wọ́ tí ẹ sì ní kó lọ dùbúlẹ̀, á lọ dùbúlẹ̀, á kàn máa ṣọ́ àlejò yẹn bó ṣe ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í bí i pẹ̀lú ìwà yìí, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí i títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ohun tí ọmọ ajá bá rí tí kò pa á lára ló máa gbà pé ó jẹ́ ara ayé. Ohun tí kò bá rí, ó lè máa fura sí i títí láé. Nítorí náà, tó bá ti dé ọwọ́ yín lọ́mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ gbé e jáde. Kó rí arúgbó tó ń tẹ̀ ọ̀pá, obìnrin tó wọ híjáàbù, ọlọ́kadà tó dé àṣíborí, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń pariwo bọ̀, alágbàṣe tó ru bàsíà. Kó gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Kó gbọ́ agogo àti ìlù ọjọ́ Ìṣẹ́gun yín. Ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e o, ẹ má gbé e sílẹ̀ níbi tí àwọn ajá mìíràn ti ń ṣu, torí àìsàn parvo tó ń ràn láti inú ìgbẹ́ ajá, títí àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fi máa pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ti dìgbòlugi, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ni kí ẹ gbà á, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà bá ṣe kọ ọ́ sí káàdì.

Tó bá ti dàgbà náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹni àkọ́kọ́ tó dé ni kí ẹ ti tì í mọ́lé rẹ̀ pẹ̀lú eegun màlúù tútù kan, kó má jáde àfi tí ẹni ìkẹyìn bá ti lọ. Ẹ má dán ìgbàgbọ́ àwọn ará wò pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, kì í ṣe Táyé àti Kẹ́hìndé ni mò ń bẹ̀rù fún. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni. Ajá ti mọ̀ pé òun ló ni ìbejì. Tí ọmọ aládùúgbò bá ń lé Táyé káàkiri ọgbà, tí Táyé ń ké bí wọ́n ṣe ń ké nínú eré, ta ló máa sọ fún ajá pé eré ni? Ajá tó lè tó 70 kílò kò ní láti bu ènìyàn jẹ kó tó ṣe é léṣe, kó kọ lu ọmọ kékeré ti tó. Ìgbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá wà nínú ọgbà, inú ilé rẹ̀ ni kí ajá wà, bí ó ti wù kó níwà pẹ̀lẹ́ tó.

Adìẹ kì í ṣe wàhálà púpọ̀: ẹ fi wáyà tó le yí ilé wọn ká. Àwọn kan á sọ fún yín pé ajá olùṣọ́ àgùntàn ni Caucasian, á máa ṣọ́ adìẹ. Àgùntàn kì í fò, kì í sì í gbọn ìyẹ́ síni lójú. Ajá tí kò bá bá adìẹ dàgbà, kò sí èyí tí kò ní sáré tẹ̀lé e.

Kí ló dé tí mo fi ní abo? Akọ Boerboel lè wọn 90 kílò. Ẹ̀yin lẹ máa wà nílé nígbà tí baálé bá rìnrìn àjò, ẹ̀yin lẹ máa di okùn rẹ̀ mú. Abo fúyẹ́ díẹ̀, kì í sì í sábà bá ẹni tó ni ín du ipò tó akọ. Wàhálà tiẹ̀ ni pé àkókò tí ara rẹ̀ ń wá akọ á máa dé bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, gbogbo Bíńgò àdúgbò á sì wá sùn sẹ́nu géètì. Tó bá ti dàgbà tán, bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì, dókítà lè yọ ilé ọmọ rẹ̀.

Oúnjẹ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ajá ńlá jẹ́ pẹ̀lú inú rere. Wọ́n á rí ọmọ ajá tí egungun rẹ̀ tóbi, wọ́n á ní kálísíọ̀mù ló nílò, wọ́n á máa fún un ní síbí kan òwúrọ̀, síbí kan alẹ́. Ìfun ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ kálísíọ̀mù tó bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ara. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n á gbé e wá: ẹsẹ̀ iwájú ti tẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ti fẹ̀ síta, orí ìka kò gbé e dúró mọ́, tó bá fẹ́ dìde á kọ́kọ́ jókòó ronú. Oúnjẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ajá ńlá ti ní ìwọ̀n kálísíọ̀mù tó yẹ nínú. Ẹ fún un ní ìyẹn nìkan, kó sì máa rù díẹ̀ ju bí ojú yín ṣe fẹ́ lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ ka ìhà rẹ̀. Tó bá dàgbà, ó lè jẹ tó kílò kan oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Àpò kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ lọ, kí ẹ ti fi sínú ìṣirò owó ilé báyìí. Ẹ lè fi ìrẹsì àti ẹja dín owó kù fún àgbàlagbà ajá, ṣùgbọ́n ẹ má da ọbẹ̀ yín sí i: àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ń pa ẹ̀jẹ̀ ajá. Egungun adìẹ tí wọ́n ti sè náà kò dára, ó máa ń ṣán sínú ìfun.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kó jẹun, kó má sì sáré lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí i tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde, tí ikùn rẹ̀ wú tó sì le, ikùn ti lọ́ nìyẹn. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má dúró di àárọ̀. Iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀ ló lè gbà á là.

Wàyí o, ti àbúrò yín. Ojúlówó Boerboel kò pọ̀ lágbàáyé, ojúlówó Caucasian náà kò wọ́pọ̀ tó bí fídíò ṣe ń fi hàn. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín jẹ́ àdàlù. Àdàlù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n ṣá má gba owó ojúlówó lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí àbúrò yín fi ìyá ọmọ ajá hàn yín, ní títú sílẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá náà. Ìyá tó bá gbó, tó wá gbóòórùn yín, tó sì lọ jókòó nígbà tí olówó rẹ̀ ní kó jókòó, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tẹ̀ síwájú. Tó bá jẹ́ pé ṣéènì ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni ò lè dé ibẹ̀, ẹ kí àbúrò yín, kí ẹ máa bọ̀ nílé. Bákan náà, ẹ béèrè ẹ́ksíréè egungun ìbàdí àti ìgbúnwọ́ bàbá àti ìyá, torí àrùn ìbàdí wọ́pọ̀ nínú ìdílé àwọn ajá wúwo yìí. Bí kò bá tíì ya á, ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Ẹ wo ìpéǹpéjú àwọn ọmọ pẹ̀lú: tó bá ká sínú, tí irun ojú ń gún ẹyinjú, iṣẹ́ abẹ ń bọ̀. Ẹ̀dínwó àbúrò yín kò lè san owó rẹ̀.

Ẹ tún sọ fún baálé pé ọmọ ajá kì í lé olè. Ó máa tó ọdún kan àbọ̀ sí méjì kí èyí tí ẹ rà lónìí tó lè dá ọgbà ṣọ́. Bí olè ti ń wá báyìí, ẹ tan iná oní-sólà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé, ẹ tún ògiri ẹ̀yìn ṣe, kí ẹ sì gba ajá ìbílẹ̀ kan. Mo mọ̀ pé kò dùn ún yà fídíò. Etí rẹ̀ mú, ooru ò rí i gbéṣe, á sì ti jí gbogbo ilé kí olè tó gbé ẹsẹ̀ kejì kọjá ògiri. Bí jápa bá tún wà lọ́kàn yín, kí ẹ mọ̀ pé Dẹ́ńmáàkì ti fòfin de Boerboel àti Caucasian pọ̀ láti 2010.

Ká ní ẹ̀ ń sin àgùntàn lórí òkè Jos tàbí Mambilla, níbi tí òtútù ti ń mú, tí àlejò kì í sì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, mi ò bá ti kọ̀wé mìíràn sí yín nípa Caucasian.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, ká mú ọ̀kọ̀ọ̀kan: rárá. Ọmọ ajá méjì tí wọ́n bá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ara wọn ni wọ́n á máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Tí wọ́n bá sì dàgbà, tí wọ́n jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì, ìjà wọn kò ṣeé là. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, baálé yín máa tó sọ pé ká jẹ́ kí wọ́n bímọ ká tà á. Àdàlù tí ẹ máa bí á ní ìwọ̀n ara Boerboel, agídí Caucasian àti irun tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ bó ṣe máa rí. Ẹ mú abo Boerboel kan. Tó bá ti pé ọmọ ọdún méjì, tó ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu nígbà tí baálé ò sí nílé, ẹ lè wá bi mí nípa èkejì.